Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn: kí ló dáàbò bo aláìsàn, kí ló jẹ́ ẹ̀rù lásán?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ẹ kú àtijọ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé èmi àti àwọn mẹ́ta lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ wa: ká kọ ìlànà tí a máa tẹ̀ lé bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá bẹ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ abẹ àwọn tó ní jẹjẹrẹ má bàa dúró.

Mo wà níbẹ̀ lọ́dún 2020, nígbà kòrónà. Kí n má purọ́, a ò ní ìlànà kankan nígbà yẹn ju ká ti ilẹ̀kùn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) mẹ́rin di ẹyọ kan. Wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ sídìí àwọn tí kò lè mí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń kun èèyàn lóorun náà lọ, torí òun náà lè bá èèyàn mí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pe àwọn tí orúkọ wọn wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. "Ẹ má bínú, a ó pè yín padà." Nígbà tí a máa fi pè padà, ọmọ àwọn kan ló gbé fóònù.

Ìbéèrè mi rèé. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe láàárín 2020 sí 2022, èwo ló gba ẹ̀mí là, èwo ni a kàn ń ṣe torí pé àyà ń já wa? Mi ò fẹ́ kọ ìwé tó jẹ́ pé ẹ̀rù wa ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọ̀bẹ_Mímú
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ni mí, inú àti ìfun ni tèmi.

Ká tó bú ara wa, ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde láti Wuhan, ìlú kan ní China, dá lórí aláìsàn 34 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láì mọ̀ pé kòrónà ti wọ̀ wọ́n lára. Gbogbo wọn ni ẹ̀dọ̀fóró wọn dà rú lẹ́yìn náà. 15 nínú wọn dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe, 7 kú. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2020, COVIDSurg, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé para pọ̀ sí, gbé tiwọn jáde: aláìsàn 1,128, ilé ìwòsàn 235, orílẹ̀-èdè 24, gbogbo wọn ló ní kòrónà ní nǹkan bí ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24 tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó lé ní ìdajì tí ẹ̀dọ̀fóró wọn yọnu.

Alẹ́ ni mo ka ìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ẹni mẹ́ta tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo sún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, mi ò sì tíì kábàámọ̀ ti ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo kábàámọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn ni iye yẹn ń sọ nípa wọn. Àwa kà á bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá wọ tíátà ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni: báwo la ṣe máa ṣe é tí kòkòrò náà ò fi ní bá aláìsàn pàdé ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Ó pẹ́ kí ìbéèrè yẹn tó dé ẹnu wa.

Àbíkẹ́yìn_Màmá
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ìfun ńlá ni ti màmá mi. Oṣù kejì 2020 ni wọ́n rí kókó náà. Wọ́n fún wa lọ́jọ́ nípárí oṣù kẹta, wọ́n sún un. Wọ́n fún wa lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n tún sún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó pè wá, èmi ni mo pè wọ́n. Nínú oṣù keje, ikùn màmá wú bí ìlù, kò lè yàgbẹ́, kò lè só, ó ń bì. Ìfun ti dí pa. Aago méjì òru ni wọ́n gbé e wọlé, dókítà tí a ò rí rí ló ṣe é, èmi sì wà nínú mọ́tò níta torí wọn ò jẹ́ kí n wọlé.

Ó jí. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àpò ìgbẹ́ wà níkùn rẹ̀ títí dòní, iṣẹ́ abẹ tí wọn ì bá fi sùúrù ṣe ní ọ̀sán gangan.

Ìbéèrè tèmi ò le: ta ló jókòó, tó wo orúkọ màmá mi, tó ní obìnrin yìí lè dúró?

Ọ̀bẹ_Mímú
Àbíkẹ́yìn, ẹ pẹ̀lẹ́. Màá dá yín lóhùn láì fi igbá kan bọ̀kan nínú: níbi púpọ̀, kò sẹ́ni tó jókòó. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ibi tí àìdáa wà nìyẹn.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe ẹyọ àrùn kan. Èyí tó fẹ́ dí ìfun tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ní sùúrù. Ti ọmú tí hòmóònù ń bọ́, a lè fún obìnrin náà ní tamoxifen tàbí letrozole, oògùn tó ń gbógun ti hòmóònù yẹn, kó máa lò ó fún oṣù mélòó kan, kókó náà sì máa ń dúró sójú kan tàbí kó sún kì. Ti ìsàlẹ̀ ìfun nítòsí ihò ìdí, a lè fi ìtànṣán ọjọ́ márùn-ún dá a dúró, ká tó wá gé e. Ti prostate tí kò le, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wà tí ó jẹ́ pé a kàn ń ṣọ́ ọ ni, àjàkálẹ̀ wà o, kò sí o. Ó yẹ kí dókítà tó ń gé e, ẹni tó ń fún un ní kémò, ẹni tó ń ta ìtànṣán sí i àti ẹni tó ń wo àwòrán rẹ̀ jókòó papọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ lórí fóònù, kí wọ́n mú orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká pín wọn sí ẹni tí kò lè dúró, ẹni tí a lè fi oògùn di ọwọ́ àrùn rẹ̀ mú, àti ẹni tó lè dúró, ká sì kọ ọjọ́ tí a máa tún orúkọ yẹn yẹ̀ wò. Wọ́n fi màmá yín sáàárín àwọn tó lè dúró láì yẹ ibẹ̀.

Iye tí ìdúró ń náni náà ti di mímọ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní oṣù kọkànlá 2020 kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú jọ, ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí iṣẹ́ abẹ bá fi pẹ́, ewu ikú ń fi ìpín 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. COVIDSurg náà wo ẹni 20,006 tí wọ́n ti dájọ́ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún ní orílẹ̀-èdè 61. Níbi tí òfin kónílé-ó-gbélé ti le jù, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì rí iṣẹ́ abẹ náà gbà nígbà tí wọ́n parí ìwádìí. Níbi tí òfin ti rọ̀, wọn ò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ_Bàbá_Tíṣà
Ẹ rọra o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó dà bí ẹni pé ẹni tí wọn ò sún tirẹ̀ ló ríre.

Wọn ò sún ti bàbá mi. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, gbólóhùn tí wọ́n ń sọ fún wa ṣáá nìyẹn, ó lọ dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sí ẹnìkan tó ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kẹfà ibà dé. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ó kú. Jẹjẹrẹ kọ́ ló pa á, dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí wọ́n bá ní kó dúró fún oṣù méjì péré, ó ṣeé ṣe kó wà níbí. Ó ṣeé ṣe kó má sí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rù lásán ni.

Akunnilóorun
Ọmọ Bàbá Tíṣà, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin àti Àbíkẹ́yìn lẹ jọ tọ̀nà. Ohun tó pa bàbá ni ikọ́ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Kò yẹ kí wọ́n gbé e síbẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Èmi ni mò ń kun èèyàn lóorun. Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

Àyẹ̀wò imú nínú wákàtí 72 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ara aláìsàn yá. Ó wúlò jù bí iṣẹ́ abẹ bá tóbi àti bí àrùn bá pọ̀ nígboro. Níbi tí àrùn ò ti pọ̀ tí iṣẹ́ abẹ sì kéré, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe lórí ẹni 140,231 ní orílẹ̀-èdè 116, iṣẹ́ abẹ oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n wò. Àwọn tí kò ní kòrónà rí, ẹyọ kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn tí wọ́n gé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí àyẹ̀wò wọn jáde, ó tó 4. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ keje kó tó padà bọ̀ sí ẹyọ kan àbọ̀. Bí ẹni náà bá ṣì ń mí gúlegúle lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ keje, ewu ṣì wà níbẹ̀, kó tún sinmi sí i.

Kí àjẹsára tó dé nìyẹn o, kí irú kòrónà tó ń jẹ́ Omicron tó dé pẹ̀lú. Lẹ́yìn wọn, ọ̀sẹ̀ méje kì í ṣe òfin mọ́ fún ẹni tí àrùn náà ò mú gan-an. Ẹ má kọ "ọ̀sẹ̀ méje" sínú ìlànà bí ẹni kọ ọ́ sára òkúta, àrùn mìíràn á ní iye tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó máa béèrè.

Nínú tíátà, ìgbà tí a ń ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun àti ìgbà tí a ń fà á yọ ni ewu tiwa pọ̀ jù. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n jù ni kó ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà kó má baà sún mọ́ ẹnu aláìsàn jù, pẹ̀lú ìbòmú N95 tó mọ́ ojú pinpin. Àwọn yòókù kí wọ́n jáde. Kí ilẹ̀kùn má máa ṣí, kó má máa pa. Lẹ́yìn náà ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ yàrá yí padà kí oníṣẹ́ abẹ tó wọlé wá pariwo pé a ń fi àkókò òun ṣòfò. (Ọ̀bẹ Mímú, mi ò dárúkọ ẹnì kankan o.)

Ọ̀bẹ_Mímú
Mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Akunnilóorun, a máa ń ní kí aláìsàn ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ 14 kó tó wá. Mo rò pé ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú nínú ìwé wa.

Akunnilóorun
Ẹ dá a dúró ná. Èyí ya èmi alára lẹ́nu. Ẹgbẹ́ COVIDSurg náà wo ẹni 96,454. Bíi 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló ya ara wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọjọ́ orí àti àìlera wọn yẹ̀ wò, ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró kò dín kù lára wọn. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Àlàyé tí àwọn tó ṣe é mú wá ni pé ẹni tó bá jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò rìn, tí àyà rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ á ti rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi gbà á gbọ́, torí mo ti rí àgbàlagbà tó fẹsẹ̀ rìn wá ní oṣù kejì, tí wọ́n wá ti wá lórí kẹ̀kẹ́ ní oṣù kẹrin. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí wọ́n jìnnà sí èrò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀, kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ má jáde".

Ati_Bẹ́ẹ̀dì
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Èmi kì í gé èèyàn, n kì í kun èèyàn lóorun. Bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tì.

Nígbà tí wọ́n sọ pé a ti ní "ọ̀nà mímọ́" níbi iṣẹ́ wa, wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri, wọ́n ya ọfà sílẹ̀. Tíátà mímọ́ wà, wọ́ọ̀dù mímọ́ wà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àgbéga (lift) kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà. Èmi ni mo ti ẹni tó ń wúkọ́ gòkè ní aago mẹ́sàn-án, èmi yìí náà ni mo ti ìyá tó ní jẹjẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, nínú àpótí kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà. Yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán àyà ńkọ́? Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó ń pààrọ̀ àgbá atẹ́gùn ńkọ́? Ọ̀kan náà ni, ó ń ti wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Nígbà oúnjẹ, gbogbo wa ń jókòó sí yàrá kan, a ṣí ìbòmú, à ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kó tèmi.

Mo sọ ọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n máa ti bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọ̀bẹ_Mímú
Ẹ wò ó, tí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí nìkan ṣe ìlànà, a ti ṣe ìdajì. Nígbà tí COVIDSurg wo ẹni 9,171 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún ní ilé ìwòsàn 447, ohun tí wọ́n pè ní ọ̀nà tí kò sí kòrónà ni pé kí tíátà, yàrá ìtọ́jú àkànṣe àti wọ́ọ̀dù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má da pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ní kòrónà. Àwọn tó gba ọ̀nà yẹn, 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀dọ̀fóró wọn yọnu. Àwọn tí kò gbà á, 4.9. Ìyàtọ̀ yẹn ju ìlọ́po méjì lọ, kì í sì í ṣe oògùn tuntun ló fà á, ibi tí a gbé bẹ́ẹ̀dì gbà ni.

Àwọn tó wà ní ọ̀nà yẹn kéré lọ́jọ́ orí díẹ̀, ara wọn sì le díẹ̀ ju ti àwọn yòókù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà ṣì dúró. Ọmọ Bàbá Tíṣà, bẹ́ẹ̀dì kẹta yẹn ni ìwádìí yìí ń sọ.

Dókítà_Ilé_Kékeré
Ó dùn lẹ́nu. Tíátà kan ni èmi ní. Wọ́ọ̀dù kan, ti ọkùnrin ní ọ̀tún, ti obìnrin ní òsì. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà fún gbogbo rẹ̀. Níbo ni kí n gbé ọ̀nà mímọ́ gbà, orí òrùlé?

Ati_Bẹ́ẹ̀dì
😂 Ọ̀gá, àgbéga ò dé òrùlé.

Akunnilóorun
Dókítà, ẹni tí kò ní ilé méjì á fi àkókò ya ilé kan sọ́tọ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún jẹjẹrẹ nìkan, tí ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò rẹ̀ ò tíì jáde kò ní wọ ibẹ̀. Bí pàjáwìrì bá dé, ẹni tí a ò mọ ipò rẹ̀ ni kó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n fọ yàrá kanlẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ yìí má kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ tètè jẹ́ kí aláìsàn máa lọ sílé, ẹni tó lè lọ lọ́jọ́ kẹrin kó má sùn di ọjọ́ keje.

Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ fi aláìsàn ránṣẹ́ síbi tó ti ṣeé ṣe. Ibi púpọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn kan gba jẹjẹrẹ, èkejì gba kòrónà. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ ìṣègùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aláìsàn òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Dókítà_Ilé_Kékeré
Ti ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ yẹn, mo lè ṣe é. Ti nọ́ọ̀sì tí kò ní kọjá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀rọ̀ ná, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èéfín iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà, èyí tí a ń gba ihò kéékèèké ṣe níkùn, ńkọ́? Wọ́n ní ká má fẹ́ afẹ́fẹ́ síkùn aláìsàn mọ́, pé kòkòrò á tú jáde.

Ọ̀bẹ_Mímú
Ní oṣù kẹta 2020 a ṣe bẹ́ẹ̀, a padà sí lílà gbọọrọ. Inú àwọn ohun tí mo máa pè ní ẹ̀rù ni mo máa kó ìyẹn sí. Ẹni tí a bá là gbọọrọ máa ń pẹ́ nílé ìwòsàn, ibi tí àrùn wà gan-an. Ẹ dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù, ẹ fi asẹ́ fa èéfín náà gba inú rọ́bà, ẹ má tú u sí yàrá. Ó parí.

Àbíkẹ́yìn_Màmá
Ẹ ti sọ ti afẹ́fẹ́, ẹ ti sọ ti àgbéga. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti fóònù.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹnìkan sínú ìlànà yẹn, ẹni tó máa pe gbogbo ẹni tí wọ́n bá sún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tó máa béèrè pé: ṣé ẹ̀ ń yàgbẹ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Ṣé ẹ ti ń rù? Oṣù kan gbáko ni màmá mi fi ń fi ọwọ́ di ikùn mú kó tó di pé ó dí. Bí ẹnìkan bá ti béèrè, à bá ti sọ.

Ọmọ_Bàbá_Tíṣà
Kí ẹni náà sì sọ òótọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ wá fún iṣẹ́ abẹ. Ìwé tí bàbá mi fọwọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ àti egbò nìkan ló sọ nípa rẹ̀. Kò sí kòrónà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹ fún un ní iye tó wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ṣì sọ pé kí ẹ ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n. Á sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Mo ti kọ ojú ìwé méjì nínú ìlànà náà lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí. Ìpè ọ̀sẹ̀ méjì-méjì wà ní ojú ìwé kìíní, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí Àbíkẹ́yìn ṣe sọ ọ́. Ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí á ní àyè fún iye, a ó máa tún iye náà kọ ní oṣooṣù. Àjẹsára, tí ó bá ti wà, àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ á wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbà á. Ọjọ́ 14 nínú ilé, mo ti yọ ọ́.

Lórí àgbéga, ilé wa ní méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti bà jẹ́ láti ọdún tó kọjá. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe. Ati Bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n bá tún un ṣe, ta ló yẹ kó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́?

Ati_Bẹ́ẹ̀dì
Ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mímọ́, òun nìkan. Ẹ má fún ọ̀gá kankan. Ọ̀gá á yá ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀.